"Máàpù ìmọ́lẹ̀" kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Radiance sí Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ ti fẹ́ gba "máàpù ìmọ́lẹ̀" wọlé fún photon map, èyí tí wọ́n ń lò nínú Radiance, ètò kọ̀ǹpútà fún ìmọ́lẹ̀, láti fi ṣírò bí oòrùn yóò ṣe tàn wọ ilé tí a kò tíì kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Máàpù ló ń júwe ọ̀nà. Èyí kò júwe nǹkan kan. Iṣẹ́ mkpmap, ètò inú Radiance tó ń ṣe photon map, ni pé kó da èérún ìmọ́lẹ̀ (photon) jáde lára fìtílà tàbí oòrùn. Èérún á lọ lu ògiri, á ta padà, á tún lu àjà, mkpmap á sì máa kọ ibi tó bà àti agbára tó gbé dání sínú fáìlì. Fáìlì yìí ni rpict, ètò mìíràn nínú Radiance, ń yẹ̀ wò tó bá ń ya àwòrán. Jensen àti Christensen ló gbé ọgbọ́n náà jáde ní 1995. Roland Schregle ló mú un wọ Radiance, ní Freiburg, Jámánì. "Àkọsílẹ̀ èérún" lèmi fara mọ́.

Ti bandwidth ló wá burú jù. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká lo ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún íntánẹ́ẹ̀tì. Rárá o, sà! Bandwidth níbí ni nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ fáìlì nínú àṣẹ -ap tí a ń fún rpict: òun ni iye èérún tó sún mọ́ ojú kan jù tí a óò ṣà jọ, ká tó mọ bí ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ẹ fi 5 sí i, ara ògiri á rí tótòtó bíi ti ẹyẹ awó. Ẹ fi 2000 sí i, á jọ̀lọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà ìmọ́lẹ̀ tínínrín tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé á fẹ̀, á sì ṣú. "Iye àṣàjọ" ló yẹ ẹ́.

Caustic kì í ṣe ti sódà tó ń jóni lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjó ni Gíríìkì ń wí. Ojú ìmọ́lẹ̀ tí dígí tàbí omi inú abọ́ ń dà sára àjà ni. Mo dábàá "ìṣùjọ ìmọ́lẹ̀".

"Ẹnu ọ̀nà èérún" yín fún photon port, ojú ibi tí èérún ń gbà wọlé, dára, torí fèrèsé la sábà máa ń fi ṣe é, kí èérún má baà ṣòfò síta.

Ó ku àṣẹ -apD: mkpmap á kọ́kọ́ da èérún díẹ̀ jáde láti fi díwọ̀n iye tó yẹ kó dà. "Àdàwò" ni mo mú wá, kí ẹ má kà á sí àdánwò o. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá.