Ìràwọ̀ fún ihò abẹ́ àtẹ̀gùn: kí ló ń bà á jẹ́?

Ìyá_Ìgbógbó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ní Ìgbógbó, Ìkòròdú níbí, ni àwọn ọmọ sọ di ọkọ̀ tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀. Ibi ìkọ̀kọ̀ wọn ni, àgbà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Òkè rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, kò ga ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. A lu ihò sí ìdí agolo mílíìkì, a tan iná fóònù sínú rẹ̀, funfun bàìbàì ló ń hàn dípò ìràwọ̀. Ṣé àyè náà ló kéré jù ni?

Òòlù_Agric: Iná ni, kì í ṣe àyè. Tọ́ọ̀ṣì onígílóòbù mẹ́fà á sọ ihò kan di ìràwọ̀ mẹ́fà. Fóònù tó ní méjì á bí ìbejì. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ọ̀kan. Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ dígí àti àwo dídán inú rẹ̀ kúrò, kó ku ẹyọ LED (gílóòbù kékeré) kan lásán.

Kí ẹ tó lu ihò, ẹ ki iyanrìn tútù kún agolo dẹ́nu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdí rẹ̀ á tẹ̀ wọnú, ihò á sì fàya. Abẹ́rẹ́ ńlá fún ìràwọ̀ kékeré (mílímítà 1), ìṣó fún àwọn tó mọ́lẹ̀ jù (2 sí 3). Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà rèé: ìwé fẹ́lẹ́ tí ẹ ya ìràwọ̀ sí, ojú rẹ̀ ni kí ẹ dà dé ìdí agolo, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí òòlù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀tún ọ̀run á di òsì.

Dojú agolo dé. Kí iná fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ìdí rẹ̀. Bí òkè bá wà ní mítà 1 sí iná, àwòrán á fẹ̀ ní ìlọ́po 10. Ẹ dẹ agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdí rẹ̀ bá ìdàgẹ̀rẹ̀ òkè mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìràwọ̀ apá kan á gùn bí ẹyin.

Àbẹ́là? Rárá o.

Ìyá_Ìgbógbó: Háà, méjì ni ti fóònù yìí lóòótọ́! Ìràwọ̀ wo wá ni ká lù?

Etí_Ọ̀sà_Ẹ̀pẹ́: Ẹ má lu ti ìwé Òyìnbó. Ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ lọ́hùn-ún, níbí kò ga tó ìkúùkù kan lókè ilẹ̀ téèyàn bá na apá; ilé àti kùrukùru ti bò ó. Mẹ́ta tó tò gbọọrọ láàárín Orion, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ kan, ni kí ẹ fi sí àárín: nínú oṣù Kejì, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, orí wa gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, bí òjò bá gbà, ẹ dúró létí ọ̀sà kí ẹ kọjú sí gúúsù: mẹ́rin tó dà bí àgbélébùú á wà ní ìkúùkù méjì lé díẹ̀ sókè. Ẹ yíjú sí àríwá, méje tó dà bí ìgbákọ tí a dojú rẹ̀ dé náà á wà níbẹ̀. Àwọn ará London kì í rí àgbélébùú yẹn láéláé.

Àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá, ẹ má lù ú. Kì í dúró lójú kan.

Ọmọ_Àgbádárìgì: Kí ló kéré níbẹ̀? Bọ́ọ̀lù irin tí Yuri Gagarin, ẹni àkọ́kọ́ tó lọ sí gbalasa òfúrufú, jókòó sí nínú ọkọ̀ Vostok 1 lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹrin 1961, mítà 2.3 péré ló fẹ̀. Ìṣẹ́jú 108 ni ìrìn àjò náà gbà.

Ẹ fi eléyìí kún un: ohùn rédíò ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 1.3 kó tó dé òṣùpá, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá pè láti inú ihò, kí ẹni tó wà níta ka ení, èjì, àtààbọ̀, kó tó jẹ́ kí èsì dé etí rẹ̀. Ti Mars, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà ju òṣùpá lọ, lè gba ìṣẹ́jú 3 ní àlọ nìkan, ó sì lè tó 22. Kí wọ́n kúkú kọ lẹ́tà.