Ọjọ́ tí Vanderbilt na Alabama, tí mo pàdánù ẹran ìkómọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Wọ́n ní ká sọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa dójú tì wá jù. Tèmi kò jìnnà: ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni mò ń gbé. Ìkómọ ọmọ àbúrò mi ló gbé mi lọ sí Nashville lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bíi wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Èmi ọmọ Mọ́kọlá yìí, Alabama ti sọ mí di wèrè bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin wọn. Fìlà pupa ni mo dé lé bùbá. Ipò kìíní ni ẹgbẹ́ fáṣítì Alabama wa wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ fáṣítì Amẹ́ríkà. Vanderbilt, ẹgbẹ́ fáṣítì kan ní Nashville, kò na ẹgbẹ́ tó wà nípò kìíní rí, ọdún 1984 ni wọ́n sì ti na Alabama gbẹ̀yìn. Mo bá fọ́nnu níwájú àwọn àna pé bí a bá pàdánù, kí wọ́n má fún mi lẹ́ran.

40 sí 35. Ẹran kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Gbogbo pálọ̀ dá Jalen Milroe, quarterback wa (ẹni tó ń darí eré, tó ń ju bọ́ọ̀lù), lẹ́bi. Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù tó jù bọ́ sọ́wọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e sáré wọlé. Ní abala kẹrin, wọ́n tún já òmíràn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà di touchdown, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá wa. N ò ní bò ó. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó gba àmì 35, tí quarterback rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù kọjá 300 yáàdì, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ńsì, àwọn tó ń wá àmì, ló pa á.

Dìfẹ́ńsì, àwọn tó ń dènà, ni. Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ìgbìyànjú mẹ́rin lẹ ní láti fi sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí ìkẹta ò bá bọ́ sí i, ẹ sábà máa ń fẹsẹ̀ gbá a fún wọn ni. Ìgbà 18 ni Vanderbilt dé ìkẹta yẹn, ìgbà 12 ló bọ́ sí i. Diego Pavia, quarterback wọn, ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn òmìrán wa bí ẹja àrọ̀. Nínú ìṣẹ́jú 60, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn fún 42! Nígbà tó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, a gba touchdown, mo fò dìde: "Ẹ ṣáà gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré." Wọn ò gbà á. Milroe ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí eré fi parí.

Bẹ́ẹ̀ a ti rí àmì. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, a fi 28 sí òdo ṣíwájú ẹgbẹ́ fáṣítì Georgia, wọ́n lé wa bá, wọ́n tiẹ̀ kọjá wa, kí Ryan Williams, agbábọ́ọ̀lù wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, tó yọ wá. Òrùlé ń jò, àwa ń jó.

Ìdáhùn láti Atlanta:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mẹ́nu ba Georgia yẹn! Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí 28 sí òdo, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo sùn. Nígbà tí mo jí, 41 sí 34. Títí dòní ọkọ mi ò gbà pé mo sùn nídìí eré yẹn. Àmọ́ n ò gbà fún yín tán o. Ọ̀fẹ́ńsì tó bá ń gba touchdown wàràwàrà, kò jẹ́ kí dìfẹ́ńsì ráyè mí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tún dìde. Ẹ pín ẹ̀bi yẹn sí méjì.

Ìdáhùn láti Nashville:

Bọ̀dá mi, ẹ ò sọ èyí tó kù. Ẹ ò sọ pé ẹ bá mi jáde lọ ra yìnyín lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ọ̀nà dí pa nítorí àwọn èrò tó hú òpó góòlù, tí wọ́n gbé e la ìgboro kọjá lọ jù sódò Cumberland. Ẹ ṣí fìlà, ẹ fi jókòó. Ìyàwó mi ní ẹran yín ṣì wà nínú fìrísà.