Ìdáhùn: "Ẹ̀rọ afàmì asárépadà" kọ́ ló yẹ kó wà lórí ilẹ̀kùn yàrá pọ́ǹpù

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Mo kí ẹ̀yin àgbà ní pàtàkì.

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé "ẹ̀rọ afàmì asárépadà" ti fẹ́ di ohun tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí, ara mi ò gbà á mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ẹ̀gbọ́n àbúrò wa kan ní ilé sí Ṣàgámù, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oníyọ̀ wà lẹ́yìn ilé náà. Pọ́ǹpù tó ń yí omi rẹ̀ po kò ní ju eré kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá ti tan án, àsápajúdé ni. Owó iná ń dà wọ́n láàmú, owó dísẹ̀lì náà ń dà wọ́n láàmú, wọ́n wá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tí a lè dín eré rẹ̀ kù tàbí kí a fi kún un, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "variable-speed pump". Bàbá tó ń bá wọn tọ́jú ilé, ará Ìṣarà ni, Yorùbá nìkan ló ń kà. Àbúrò wa fẹ́ tẹ ìlànà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá pọ́ǹpù, ó sì bi wá pé kí ni ká pe nǹkan náà. Ọ̀gá wa láti Ìpẹru ló dá a lóhùn pé "ẹ̀rọ afàmì asárépadà fún adágún òkun". Ni àwọn kan bá ń kí wọn kú ọpọlọ.

Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má fi ṣe ìbínú. Ẹ jù mí lọ, ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí máa ṣi bàbá ará Ìṣarà lọ́nà, òun la sì torí ẹ̀ ń wá orúkọ.

Ara "padà" ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jù. Ẹ fẹ́ kó dúró fún eré tó ń yí padà, àmọ́ kò lè dá ṣe é. "Yí padà" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, èyí tí a lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn là láàárín. A máa ń sọ pé "ó yí ọkàn rẹ̀ padà", "wọ́n yí òfin náà padà". "Yí" ló gbé àyípadà dání. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò tí ẹ fi "padà" sílẹ̀ lóun nìkan, ohun tó kù kò ju pé kí nǹkan máa lọ síbi tó ti wá. Ta ni nínú wa tó máa gbọ́ "ó sáré padà" tó máa rò pé ẹni náà ń rọra sáré nígbà kan, tó sì ń sá eré burúkú nígbà mìíràn? Ọmọ tí a rán lọ sí Òkè-Ajé tó gbàgbé owó sílé ló ń sáré padà.

Ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú iṣẹ́ pọ́ǹpù gan-an, omi tó ń sáré padà, àrùn ni. Ẹ bi èyíkéyìí nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí pọ́ǹpù bá ti wà lókè ju ojú omi lọ, tí fáàfù tó yẹ kó dá omi dúró kò ṣiṣẹ́ mọ́, bí iná bá ti lọ báyìí, omi inú páìpù á ya padà sínú adágún, afẹ́fẹ́ á gba ipò rẹ̀. Tí iná bá dé, pọ́ǹpù á máa yí lórí afẹ́fẹ́, á gbóná, síìlì rẹ̀ tó ń dí omi mọ́ inú á jó, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára ọrùn mọ́tò. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wá mú orúkọ àrùn yìí, ẹ fi sọ ẹ̀rọ tuntun lórúkọ!

"Afàmì" náà ńkọ́? Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. "Fà" pàdé "omi", ó di "fami". Ẹni tàbí ohun tó ń ṣe é ni "afami", ohùn àárín mẹ́ta tó dúró gbọnin. Ibo ni àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì yẹn ti wá? "Afàmì" tí ẹ kọ, ẹni tó bá kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́ á gbọ́ "àmì" nínú rẹ̀, á rò pé ẹni tó ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ lẹ ń bá wí. Ẹnì kan ti ní kí n má ṣe torí àmì ohùn da ìjíròrò rú, pé gbogbo èèyàn mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Mi ò gbà. Bàbá ará Ìṣarà kò sí lórí ìlà yìí láti mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ní lọ́kàn. Ohun tó wà lórí bébà ló máa kà.

"Adágún òkun" ò ní í gbà mí lákòókò púpọ̀. Iyọ̀ inú omi òkun tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ti inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oníyọ̀ kì í sábà ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, ahọ́n lè má tètè mọ̀ ọ́n rárá. Bí a bá kọ "òkun" sílẹ̀, tí olùtọ́jú ilé wá ń da iyọ̀ sí i títí tó fi rò pé ó ti dà bí ti òkun, ta ni a máa dá lẹ́bi? "Oníyọ̀" ló pé. Kò sí ìdí fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá wa láti Ìlíṣàn ní ká tiẹ̀ fi "fà" sílẹ̀, pé pọ́ǹpù adágún kì í fa omi bí ti kànga, ńṣe ló ń mú un "pòòyì". Màmá, mo rí ohun tí ẹ rí. Yemọji tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, odò tó ń ṣàn ni. Kò sẹ́ni tó ní láti tì í. Omi tí a dá sínú kọnkéré kò ní ibi tó ń lọ, àfi ká máa gbà á lẹ́nu ihò ẹ̀gbẹ́ ògiri, ká mú un gba inú asẹ́ oníyanrìn, ká mú un gba inú sẹ́ẹ̀lì iyọ̀ (ẹ̀rọ tó ń sọ iyọ̀ inú omi di kilóríìnì tó ń pa kòkòrò), ká tún dá a sílé. Síbẹ̀, "pòòyì" ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ń pòòyì kò mọ ibi tó ń lọ. "Yí po" sàn jù ú lọ, àmọ́ èmi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, torí kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tuntun ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Àwọn méjèèjì ló ń yí omi po. Eré ni wọ́n fi yàtọ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ohun tí mo fẹ́ ká máa pè é: pọ́ǹpù oníwọ̀n-eré.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ "ayí-eré-padà", ó ṣe tán "yí" ti wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí "a-" ni. "A-" máa ń sọ ohun náà di olùṣe. Ẹ̀rọ yìí kò kàn ń yí eré ara rẹ̀ padà bó ṣe wù ú. Èèyàn ló ń jókòó ti bọ́tìnnì, òun ló ń wọn eré fún un, òun ló ń sọ iye wákàtí tó máa sá a. "Oní-" ló bá a mu. Ẹni tó sì ní "oníwọ̀n" máa dún bí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n ta gààrí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa ń pe ẹni tí kì í ṣe àṣejù? Ṣé kì í ṣe oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni?

Ìwọ̀n yẹn gan-an ni ẹ̀mí ẹ̀rọ náà. Mọ́tò àtijọ́ tó ń jẹ iná wa yìí máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan, kò mọ òmíràn. Bí a bá dá eré pọ́ǹpù tuntun sí méjì, omi tó ń gbé náà á di ìdajì, ṣùgbọ́n agbára tó ń jẹ kì í ṣe ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Ìdí ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó fi eré náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó rí agbára: ìdajì nínú ìdajì nínú ìdajì. Ẹ jẹ́ ká ní pọ́ǹpù ń jẹ kílówáàtì 1.1, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lójúmọ́: yúníìtì 8.8 nìyẹn. Bí ó bá fi ìdajì eré ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16, iye omi kan náà ló máa yí po, yúníìtì rẹ̀ á sì wà ní nǹkan bí 2.2. Lórí ẹ̀rọ gidi ó máa ń lé díẹ̀, torí ẹ̀rọ ìṣàkóso rẹ̀ náà ń jẹ tirẹ̀. Síbẹ̀ ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi gbé òfin jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2021, tó le débi pé ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù eléré kan ṣoṣo kò lè yege mọ́.

Àmọ́ ìwọ̀n náà ní ìsàlẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ rékọjá. Bí omi bá rọra jù nínú sẹ́ẹ̀lì iyọ̀, atọ́ka inú rẹ̀ á dá iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà dúró, kò ní í mú kilóríìnì jáde mọ́, omi á sì di aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi omi fọ yanrìn inú asẹ́ láti ẹ̀yìn, ó di dandan kí eré ga. Ẹ wá wò ó: gbogbo ohun tí bàbá náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ló wà nínú "ìwọ̀n". Kò sí èyí tó wà nínú "padà".

Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wọ́n sì pe ohun tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1959 ní amóhùnmáwòrán, kò tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ilé ni wọ́n wò. Wọ́n rí i pé ohun kan ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá mi kò ka ìwé, àmọ́ bí ó bá fún nǹkan lórúkọ, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ló sì máa ń pe ẹ̀rọ tó ń fa omi ní "pọ́ǹpù". Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ lé "pọ́ǹpù" jáde nílé, ẹ ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ wa ni báyìí, ó ti gba ohùn wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó sì ní ká kàn kọ "váríábù sípíìdì", mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ kà á sétí bàbá ará Ìṣarà ná.

Ẹnì kan ti sọ pé èmi ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ò lẹ́nu lórí ohun tí wọ́n máa kọ sára ilẹ̀kùn ará Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì máa dáhùn rẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe lábẹ́ àkọlé yìí.

Èyí ni mo gbà kí àbúrò wa tẹ̀: "Pọ́ǹpù oníwọ̀n-eré ni èyí. Eré kékeré ni kí o fi í sí lójoojúmọ́. Bí iná pupa bá tàn lára àpótí iyọ̀, fi kún eré títí iná náà á fi kú. Eré ńlá wà fún ìgbà tí o bá ń fọ yanrìn; bí o bá fọ̀ ọ́ tán, dá a padà sí kékeré. Bí òjò bá kún adágún, wọn iyọ̀ wò kí o tó da òmíràn sí i."

"Àpótí iyọ̀" tí mo fi pe sẹ́ẹ̀lì iyọ̀ yẹn ni ibi tí kò tíì yé mi tó. Màmá Ìlíṣàn ti dábàá "asọyọ̀doògùn", torí iyọ̀ inú omi ló ń sọ di oògùn tó ń pa kòkòrò, orúkọ náà sì wù mí gidigidi. Màmá, ohùn àárín ni "di", ohùn àárín ni "oògùn" fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà "doògùn" ni mo kọ yìí, kì í ṣe "dòògùn" bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sì fèsì kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí àbúrò wa ní ọjọ́ náà lòun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.