Dẹ́ẹ̀kì ni àbí ẹ́ńjìnnì? Ọmọ mi fẹ́ wọ Coast Guard

Ìyá Ìbejì, Maryland
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ti fárígá pé Coast Guard, àwọn ológun tó ń ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, lòun máa wọ̀. Green card ló ní, kò tíì di ọmọ onílùú. Wọ́n sọ fún un pé tó bá jáde níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá di seaman lórí dẹ́ẹ̀kì, á di fireman nídìí ẹ́ńjìnnì. Bàbá rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì ni kó mú, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Òun ní òun ò lè lọ sá pamọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀, òun fẹ́ máa rí òkun. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Tó bá sì ti mú ọ̀kan, ṣé ó ti há síbẹ̀ nìyẹn?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Virginia
Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìdí ẹ́ńjìnnì lèmi ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó di MK, ìyẹn mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ohun kan: fireman yìí kì í ṣe panápaná. Orúkọ ayé àtijọ́ ni, nígbà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná tó ń wa ọkọ̀. Òun àti seaman, ipò kan náà, owó oṣù kan náà. Ìlà pupa ló wà lápá aṣọ fireman, ti seaman jẹ́ funfun. Ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ Cape May ní New Jersey ni wọ́n jọ ń gbà kọjá, ọ̀sẹ̀ 8 gbáko.

Tí ọkọ̀ bá wà lójú omi, wọ́n á pín yín sí ìṣọ́. Tó bá kan ọmọ, á mú ìwé àti tọ́ọ̀ṣì, á máa yí ká: á wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, á wo bí ọ́ìlì ṣe ń fi agbára ṣàn, á wo dísẹ́lì tó kù nínú táńkì, á tan iná sí abẹ́ ọkọ̀ pátápátá bóyá omi ti ń gbára jọ síbẹ̀. Á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tún tó àkókò, á tún ṣe é. Lójú ẹni tó ń wòran, iṣẹ́ tó ń súni ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé yẹn la fi ń mọ̀ pé pọ́ńpù kan fẹ́ dákú kó tó dákú. Lẹ́yìn ìṣọ́, ọ́ìlì wà láti nù, fítà wà láti pààrọ̀, ọ̀gá MK sì ń wá ẹni tó máa bá a di spánà mú.

Ohun tó le jù fún ọmọ tuntun ni páìpù. Wọ́n á ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ páìpù dísẹ́lì, ti omi tútù, ti omi ìpaná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó yà á sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo fáàfù tó wà lórí rẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀, á fà wọ ibi tí kò gba èjìká. Lọ́jọ́ tí iná bá kú tí èéfín sì gba yàrá, ọwọ́ rẹ̀ á mọ fáàfù tó yẹ kó tì láìríran. Èmi fẹ́ràn apá ibẹ̀ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Ariwo wà o, ooru sì wà. Kó má bọ́ ohun ìdíwọ́ etí sílẹ̀ láé.

Sisí Ìkòròdú, Florida
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwa ará orí dẹ́ẹ̀kì náà sọ tiwa.

Màmá, òkun tí ọmọ fẹ́ máa rí, á rí i. Irin tó ń dípẹtà ló máa kọ́kọ́ rí. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ọkọ̀ lójoojúmọ́, seaman ló sì ń ha á, tó ń kun ún. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi kun apá ọ̀tún tán, ti òsì ti bẹ̀rẹ̀. Okùn náà ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ń wọ èbúté, àwa là ń ju okùn, tá a sì ń so ó. Okùn tó bá nà ju agbára rẹ̀ lọ lè já, kó sì ṣá èèyàn balẹ̀. Ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa, kí wọ́n tó kọ́ wa ní kókó dídì.

Ìṣọ́ tiwa ni kéèyàn dúró síta pẹ̀lú awò awọ̀nàjínjìn, kó máa wo ojú òkun, kó sì sọ ohunkóhun tó bá rí: ọkọ̀, igi tó léfòó, iná tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ìkejì ni wíwa ọkọ̀. Ọ̀gá á pàṣẹ, wàá tún àṣẹ náà sọ sókè kó lè mọ̀ pé o gbọ́, lẹ́yìn náà lo tó yí ìtọ́kọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sùn nísàlẹ̀, ìwọ lo di ọkọ̀ mú. Kò sí iṣẹ́ tí mo tíì ṣe tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé agbára ni: ọkọ̀ tó ń tọ́jú buoy, àwọn àmì tó léfòó tó ń fọ̀nà han ọkọ̀. Wọ́n á fi kéréènì gbé buoy ńlá sórí dẹ́ẹ̀kì tòun ti ṣéènì àti ẹrẹ̀, àwọn seaman á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó kó má lọ síbẹ̀.

Màmá, ìbéèrè tó ju dẹ́ẹ̀kì àbí ẹ́ńjìnnì lọ ni irú ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Ní ibùdó ọkọ̀ kékeré etíkun, èèyàn 4 ló sábà máa ń wà nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 45: ẹni tó ń wà á, onímọ̀ ẹ́ńjìnnì, àti èèyàn 2 tó ń ran wọ́n lọ́wọ́. Fireman tó bá wà níbẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ inú ọkọ̀ náà bíi seaman, kó máa fa èèyàn jáde nínú omi. Ẹ wá gbé fireman kan náà sórí cutter, ìyẹn ọkọ̀ ńlá Coast Guard, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 418. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n lè fi wà lójú omi, ìsàlẹ̀ ló sì máa pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀. Orúkọ kan náà, ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Abọ́ fífọ̀ nílé ìdáná ọkọ̀, àwọn méjèèjì ni. Kó má yà á lẹ́nu.

Bàbá Apápá, Houston
Iṣẹ́ ológun ojú omi Nàìjíríà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀ pé Coast Guard kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ ogun NNS Thunder tiwa, ọkọ̀ Coast Guard tó ń jẹ́ Chase ni kí wọ́n tó fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́ lọ́dún 2011. NNS Okpabana, Gallatin ni, wọ́n fa òun lé wa lọ́wọ́ lọ́dún 2014. Irú ọkọ̀ yẹn ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì 2 fún ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tún ní 2 tó dà bíi ti ọkọ̀ òfuurufú fún eré. Ẹni tó bá mọ irú ìyẹn tọ́jú kò ní wáṣẹ́ tì: ilé ìwòsàn ní jẹnẹrétọ̀, èbúté ní kéréènì. Mo wà lẹ́yìn bàbá.

Sisí Ìkòròdú, Florida
Ẹ̀yin bàbá wa, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó bá ti dẹ́ẹ̀kì di BM, ìyẹn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ iṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ló ń wa ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà, BM lẹ sì máa ń bá nípò ọ̀gá ọ̀pọ̀ ibùdó kékeré. Bó bá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ọjọ́ tó lò lójú omi ń bá a lọ tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ọ̀gákọ̀. Ó sinmi lórí ohun tí ọkàn ọmọ fẹ́.

Ìyá Ìbejì, Maryland
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti híhá ńkọ́? Àti pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ o.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Virginia
Kò há, Màmá. Seaman àti fireman, ẹni tí kò tíì ní iṣẹ́ kan pàtó ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní A-school ló ń fún un níṣẹ́. Yorktown níbí ni wọ́n ti ń kọ́ BM, MK, iná mọ̀nàmọ́ná àti títún ọkọ̀ ṣe. Petaluma ní California ni ti àwọn iṣẹ́ bíi rédíò àti ìtọ́jú aláìsàn. Fireman lè lọ kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, seaman náà sì lè di MK. Èmi mọ seaman tó di MK.

Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni ìwé. Iṣẹ́ tó bá kan àṣírí ìjọba, ọmọ onílùú nìkan ni wọ́n ń gbà. Kó tètè béèrè N-426, fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́rìí pé ó wà nínú iṣẹ́ ológun, lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀, kó fi kún N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ onílùú. Wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú iṣẹ́ ológun.

Sisí Ìkòròdú, Florida
Ti omi yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní Cape May, á fò láti orí pẹpẹ ẹsẹ̀ bàtà 6, á wẹ mítà 100, á sì léfòó fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní YMCA, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní omi wíwẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé omi kì í ṣe tàwa aláwọ̀ dúdú, kó ka ìtàn Pea Island ní North Carolina. Richard Etheridge, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, ló jẹ́ ọ̀gá ibùdó ìgbẹ̀mílà náà láti 1880, aláwọ̀ dúdú sì ni gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ní October 1896, ìjì gbá ọkọ̀ E.S. Newman mọ́ etíkun. Ọkọ̀ kékeré kò lè wọ ìgbì yẹn. Ni wọ́n bá so ara wọn pọ̀ mókùn, wọ́n ń wẹ̀ lọ, wọ́n ń wẹ̀ bọ̀, títí gbogbo èèyàn 9 tó wà nínú ọkọ̀ fi dórí ilẹ̀. Wọn ò fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ wúrà àfi lọ́dún 1996, nígbà tí gbogbo wọn ti kú. Ọdún 1915 ni iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà yẹn di ara Coast Guard.

Ìyá Ìbejì, Maryland
Mo ti ka èyí sí i létí. Ṣé òun gan-an ló máa yan ibi tó ń lọ?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Virginia
Á kọ ibi tó wù ú sílẹ̀, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ bá ti nílò èèyàn ni wọ́n máa gbé e sí. Tí wọ́n bá wá ṣèlérí A-school kan fún un látìbẹ̀rẹ̀, kó rí i nínú ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀yin náà bá a kà á kó tó búra.