Ọdún kan nídìí ẹ̀rọ Pelletron: iṣẹ́ wo ni kí n gbé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ físíìsì. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti rí àyè láti lo ọdún kan gbáko fún ìwádìí másítàsì nídìí ẹ̀rọ Pelletron tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fi agbára iná mú kí prótọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé tín-tìn-tín inú kóró átọ́ọ̀mù, sáré gidigidi. Fóòtì (volt) mílíọ̀nù 1.7 ni agbára iná rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ti prótọ́ọ̀nù kí ó tó jáde, ó lè fún un ní agbára tó tó 3.4 MeV (mílíọ̀nù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì, òṣùwọ̀n agbára irú ègé bẹ́ẹ̀).

Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ni kí n gbé gààrí Ìjẹ̀bú síwájú prótọ́ọ̀nù, kí X-ray tó bá jáde fi àwọn èròjà inú rẹ̀ hàn; èyí yá, ìyá mi pàápàá lóye rẹ̀, àfi pé ó ní kí n má fi gààrí òun ṣòfò. Èkejì, tí ọkàn mi fà sí jù, ni wíwọn bí kóró átọ́ọ̀mù alumíníọ́mù ṣe ń gba prótọ́ọ̀nù mọ́ra, tó ń di sílíkọ́ọ̀nù, tó sì ń tu ìtànṣán gámà jáde. Ìyẹn gba kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìyẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, bí a bá yọ oṣù tí n ó fi kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà àti àkókò tí n ó fi dúró de àyè láti lò ó kúrò, ṣé ọdún kan tó fún èkejì?