Àfikún tó kẹ́yìn: H. pylori àti jẹjẹrẹ ikùn

Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Mo fẹ́ kádìí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀: ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ikùn, ṣé kó lọ yẹ H. pylori, kòkòrò inú ikùn tó lè fa jẹjẹrẹ ikùn, wò? Bẹ́ẹ̀ ni, kódà bí inú kò bá run ún. Ìran ẹni kò ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ṣeé wò sàn.

Ìbéèrè tó pọ̀ jù ni ti àwọn tó lo oògùn tán, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sọ pé kòkòrò wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún oògùn rà nítorí ìyẹn! Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń rí, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí ni kí ẹ béèrè, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí oògùn apakòkòrò bá parí. Kí ẹ ti dá omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àyẹ̀wò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò lè wà kí èsì sọ pé kò sí.

Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń lo oògùn náà. Ẹ lò ó pé, bí ẹnu tilẹ̀ ń korò. Bismuth, tó máa ń wà lára oògùn náà nígbà mìíràn, máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ dúdú láìlo bismuth tàbí oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ (blood tonic), èébì ẹ̀jẹ̀, rírù láìnídìí, oúnjẹ tó ń há lọ́fun: ilé ìwòsàn ńlá bíi ti UNIOSUN (yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) ni kí ẹ gbà lọ kíá, kí ẹ béèrè àyẹ̀wò kámẹ́rà inú ikùn. Ẹ sọ ti ẹbí fún dókítà láìdúró de ìbéèrè.