Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àbúrò mi bímọ, ara ọmọ le, ara ìyá ni kò balẹ̀

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, n'Ìbàdàn níbí. Bí ọmọ bá sùn, òun á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ògiri. Ẹkún ò jìnnà sí i. Lánàá ó ní, "Àǹtí mi, ì bá dáa kí ọmọ yìí rí ìyá míì." Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé abísínwín ni. Kí la lè ṣe nílé, ibo la sì lè gbé e lọ? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ èébú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Abísínwín kọ́ lẹ ṣàlàyé yìí. Ẹni tó ń gbóhùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tí kì í sùn síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ pé ọmọ òun kì í ṣèèyàn, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹkún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ wa ló sun ún, kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì, ó sì ní ìtọ́jú.

Èmi náà rí i. Oorun ló gbà mí. Ìyá mi á gbé àwọn ìbejì lọ yàrá kejì láago mẹ́sàn-án, ó di aago kan kó tó gbé wọn wá mumú. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìlédìí. Wákàtí mẹ́rin gbáko! Àwọn tó ń wá kí ọmọ ńkọ́? A ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.

Fẹ́mi Ẹlẹ́yẹlé: Ẹ mú un lọ sórí òkè, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbàdúrà fún un, a ṣe àmín. Ààwẹ̀ wo? Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú!

Màmá Nọ́ọ̀sì: Àdùkẹ́ ọmọ mi, ìbéèrè mẹ́wàá kan wà nípa ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n ń pè ní Edinburgh Postnatal Depression Scale, láti 1987 ló ti wà. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje tó kọjá ló ń bèèrè. Àkọ́kọ́ ni bóyá ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Máa kà á fún un ní Yorùbá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 3. Bí àpapọ̀ máàkì bá ti tó 10, ẹ wá dókítà. Ìkẹwàá ń bèèrè bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lára. Bí ìdáhùn ò bá ti jẹ́ "rárá", ẹ má jẹ́ kó dá wà, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá yẹn, bi í ní gbangba. Bíbéèrè kì í gbin èrò ikú séèyàn nínú.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọmọ, àbí? Ẹ bá a lọ, kẹ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀. UCH ní dókítà ọpọlọ. Ẹ sọ pé ó ń fọ́mọ lọ́mú, òògùn tó bá a mu wà. Asido Foundation, àjọ tó ń rí sí ìlera ọpọlọ, wà n'Ìbàdàn, MANI (Mentally Aware Nigeria Initiative) náà sì wà fún ẹni tó fẹ́ fi fóònù bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù orúkọ Arò, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà Lambo, dókítà ọpọlọ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé ìtòsí, tòun ti mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kó máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Mo bi í. Ó wò mí títí, ó ní rárá, òun ò fẹ́ kú, oorun lòun fẹ́. Àpapọ̀ jẹ́ 14. A ò dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ mọ́, ọ̀la la ń lọ. Apá òsì ni mo fi gbé ọmọ bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìyá rẹ̀ ń hanrun ní yàrá kejì.